Bí Mo Ṣe Wá Ìyá Olú Dé Igbó Àìsinmi

Ẹ rọra o! Ọdẹ́rìndé, sọ ọkọ́ yẹn kalẹ̀ kí n tó bínú. Mo ní kí o sọ ọ́ kalẹ̀! Mo mọ̀ pé òkété wọ ihò níbẹ̀, mo ti rí i kí ìwọ tó rí i, ṣùgbọ́n a kì í gbé ọkọ́ dé ìdí ọ̀gán yìí. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wá já olú, ẹ káàbọ̀, agbọ̀n tí ẹ gbé wá dára, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi já a, ẹ má sì tíì fọwọ́ kan ọ̀kan títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Mo rí i pé itọ́ ti ń dà lẹ́nu yín. Ẹ gbé e mì. Ẹ wá ibì kan jókòó, kì í ṣe orí gbòǹgbò yẹn, kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ ti wú yẹn náà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdí-Ọ̀gán, èmi Ọdẹ́jìnmí tí ẹ ń wò yìí, tí mo jókòó ti òkìtì bí adìẹ tó ń sàba, ṣé ẹ rántí bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìrìn ni ìdí mi kò ti gbé orí ẹní. Ìdúró ni mo fi ń jẹun. Ọjọ́ tí mo gbéyàwó, kí wọ́n tó gbàdúrà tán, mo ti wà ní ẹ̀yìn odò, mo ń tọ ipasẹ̀ ìmàdò. Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ẹkùn tó ń dààmú odidi ìlú mẹ́ta, kò sì sí igbó kan ní agbègbè yìí tí kò mọ gìgísẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹran tó le jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti bá jà rí, ìjókòó ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni àkọ́rọ̀ òjò ń rọ̀ tí olú kan ṣoṣo kò yọ ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún kìíní, àwọn obìnrin ń ráhùn ọbẹ̀, àwọn ọkùnrin sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ewé tó bá já bọ́ kì í jẹrà mọ́. Nínú oko kòkó, ewé gbígbẹ mù wá dé orúnkún, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le gbagidi, àwọn ọmọ igi tó yẹ kí wọ́n máa rú sì ń kú lórí ìdúró. Ní ọdún kẹta, ajá Baálẹ̀ kú ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gbé e jù sí ẹ̀yìn ààtàn. Òjò rọ̀, òjò dá, ajá yìí ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo irun ara rẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò wá. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó kú tí kò lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ju ti alààyè lọ. Ẹni tó bá ń lọ sí oko bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn.

Àwẹ̀ró ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tó kù fún òun kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ le, òun ló ń kó àwọn obìnrin lọ já olú, imú rẹ̀ a máa gbóòórùn olú kí ilẹ̀ tó là. Ó ránṣẹ́ pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, “Àjàgbé, jókòó.” Mo ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n dúró, mò ń gbọ́ yín.” Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ajá Baálẹ̀ yẹn ń dẹ́rù bà mí. Ikú kò bà mí lẹ́rù, ó ti pẹ́ tó ti ń yọjú sí mi, a ti di ojúlùmọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ẹ sin mí sínú ilẹ̀ tí kò ní gbà mí. Kí n máa la ojú nínú erùpẹ̀ títí ayé, kí n má di ewé, kí n má di omi, kí n má di nǹkan kan. Olú ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún òkú, ohun tí ìyá ìyá mi sọ fún mi nìyẹn. Ó ní bí wọ́n bá lé Ìyá Olú nílùú, Igbó Àìsinmi ló máa ń sá lọ, lẹ́yìn odò Arọ̀. Lọ bá mi wá a kí n tó lọ.” Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi kò sì lè wo ojú náà. Ẹ má tíì bi mí ìdí rẹ̀. Ó ń bọ̀ níwájú.

Mo kó ọta, mo kó ẹ̀tù, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. N kò ní fi bí mo ṣe sùn àti ohun tí mo jẹ lọ́nà dà yín láàmú. Ọdẹ tó bá ń ròyìn ẹ̀bà fún èèyàn, ẹran ni kò rí pa. Ní ọjọ́ kẹta mo la odò Arọ̀ kọjá, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé mo ti wọ Igbó Àìsinmi, nítorí pé imú mi kò gbóòórùn ilẹ̀ mọ́. Ẹ rò ó wò, igbó tí kò rùn! Àwọn igi tó ti wó láti ìgbà àwọn baba ńlá wa wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣì tutù bí ẹni pé àná ni wọ́n wó, ewé sì ga dé àyà. Mo ń fi ọwọ́ la ewé kọjá bí ẹni tó ń wẹ odò. Láìpẹ́ mo gbọ́ “wáà, wáà, wáà,” mo sì rí ẹ̀dá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kòlòbà. Odidi igi ọ̀pẹ ló fi ṣe ìgbálẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà ní orúnkún, torí pé ilẹ̀ nìkan ló ń wò láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Ó ní, “Dúró! Ta ni ọ́, tí o ń fi ẹsẹ̀ tú ohun tí mo ti gbá jọ?” Mo ní, “Èmi Ọdẹ́jìnmí ni, mo ń kánjú, ọ̀nà ni mo ń bèèrè.” Ó ní, “Ọ̀nà wà lẹ́yìn àlọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o lè dáhùn. Bí o bá mọ̀ ọ́n, n ó gbálẹ̀ fún ọ kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó gbá ìwọ náà mọ́ ewé. Ó ń jẹun, kò lẹ́nu. Ó ń rìn, kò lẹ́sẹ̀. Òkú ló ń jẹ, alààyè ló ń bọ́. Kí ni o?”

Kò tíì pa ẹnu dé tí mo fi dáhùn pé, “Ikú!” Ó ní, “Ikú kì í bọ́ ẹnikẹ́ni,” ó sì gbá ewé bò mí dé ìbàdí. Mo tún kígbe pé, “Igún!” Ó rẹ́rìn-ín títí ojú orúnkún rẹ̀ fi ń ṣomi. Ó ní, “Igún tó lẹ́nu, tó tún ní ìwọra?” Ó gbá ewé bò mí dé ọrùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi kò lè dé ibi ìbọn mọ́. Mo ti fẹ́ sọ pé “Iná!” nígbà tí ewé kan bọ́ sí mi lẹ́nu, ó dí i pa. Ewé yẹn ló gbà mí là. Bí n kò ṣe lè sọ̀rọ̀, ó di dandan kí n ronú, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi. Mo rántí ìyá mi lórí ẹní, mo rántí ohun tó sọ pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún òkú. Mo tu ewé náà dànù, mo ní, “Olú ni.” Ẹ̀dá náà sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn níhìn-ín. Bí o bá rí i, bá mi sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dùn mí.” Ó wá gbálẹ̀ fún mi kọjá.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo dúró, ó dúró. Mo yára, ó yára. Mo yí padà, àgbọ̀nrín kan ni, ojú rẹ̀ là kalẹ̀ bíi ti ajá Baálẹ̀. Ó kí mi bí ọdẹ ṣe ń kí ọdẹ, ó ní, “Àrìnpa o, Ọdẹ́jìnmí!” Ara mi bù máṣọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti yìnbọn lù ú. Ó wo ihò tuntun tí ọta ṣe sí i lára, ó tún wò mí. Ó ní, “O tún fi kún un. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni o yìn mí ní itan, o wá mi díẹ̀, o ní o kò ráyè, o sì bá tìrẹ lọ. Mo kú sí ẹ̀bá odò. Mo dùbúlẹ̀ títí, ilẹ̀ kò gbà mí, ni mo bá dìde. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn.” Mo ní, “Ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Ó ní, “Kí n pa ọ́, kí o wá máa bá mi rìn títí ayé? Ẹnu rẹ á ti pọ̀ jù.” Nígbà náà ni mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan. Etu wà níbẹ̀, ọ̀yà wà níbẹ̀, ẹyẹ ń fò tí kò bà, gbogbo wọn ti kú, gbogbo wọn ń rìn, kò sí èyí tó lè jókòó. Mo wo ìrìn wọn, mo wo ẹsẹ̀ ara mi, àyà mi já. Àgbọ̀nrín náà ní, “Tẹ̀lé mi. Èmi náà ń wá ohun tí ò ń wá.”

Ó mú mi dé ìdí ìrókò ńlá kan tó wó sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ, ó dúdú, ó rọ̀, ó sì ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi lẹ́yìn òjò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí òórùn yẹn wọ imú mi. Òwú funfun tín-ín-tín-ín ló bo ibẹ̀, òwú náà sì ń mí. Ohùn kan jáde láti inú ilẹ̀, kò le, kò rọ̀, ó ní, “Ta ló fọ́ ilé mi?” Mo wólẹ̀, mo ní, “Ìyá, àwọn obìnrin ni. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń wú olú tìdítìdí.” Òwú kan lọ́ mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó ní, “Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fọ́ ilé mi?” Mo ní, “Àwọn àgbẹ̀ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń sun igbó, wọ́n sì ń kó gbogbo igi jíjẹrà lọ dáná.” Òwú kejì lọ́ mọ́ mi ní orúnkún, ó fún mi pinpin. Ó ní, “Òótọ́ náà ni. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ wọn ni mò ń kó láti ilé kan sí òmíràn, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé Àwẹ̀ró. Ta ló fọ́ ìyẹn?”

Ojú tì mí o. Ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Èmi ni. Òkété kan sá wọ ihò ìdí ọ̀gán yìí gan-an. Ẹni tó ní sùúrù ìbá dẹ pàkúté dè é. Èmi? Mo fín èéfín ata sí i, kò jáde. Mo gbé ọkọ́, mo ya ọ̀gán náà láti orí dé ìdí. Mo rí nǹkan kan bíi kànìnkànìn tí àwọn ikán ń tọ́jú ní yàrá ìsàlẹ̀, mo fi ọkọ́ tú u síta, oòrùn sì pa á. Ní ìdí rẹ̀ ni olú ìyá mi ti ń yọ látọdúnmọ́dún, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì tú u dànù nítorí òkété. Òkété náà ti gba ihò kejì lọ. N kò tilẹ̀ rí i jẹ! Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Olú pẹ̀lú ẹkún, òwú ẹsẹ̀ mi sì tú.

Ó ní, “Gbogbo igi tí o rí lórí ilẹ̀, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú lábẹ́. Èyí tó ti yó omi, mo ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ohun tó bá kú, mo ń tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ń gbé e fún gbòǹgbò, kí òkú àná lè di ewé ọ̀la. Ẹ̀yin kì í rí mi àfi lọ́jọ́ tí mo bá dé fìlà jáde, ẹ sì rò pé ọbẹ̀ nìkan ni mo wá fún.” Mo ní, “Ìyá, kí ni kí n fún yín kí ẹ bá mi lọ? Mo lè pa ẹfọ̀n wá.” Ó ní, “Kí n fi ẹfọ̀n ṣe kí ni? Àwọn tó ń rìn kiri níhìn-ín kò tíì tó? Ohun tí o kò ní ni mo fẹ́. Jókòó. N ó hun òwú mi mọ́ ìṣù ilẹ̀ kan ní orí itan rẹ, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí yóò fi wọ̀. Bí o bá mira, òwú á já, èyí tó kù yìí kò sì lè tún òmíràn hun. Bí o bá délé, ìwọ ni o máa jókòó tì í títí àkọ́rọ̀ òjò mẹ́ta yóò fi rọ̀.” Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní apá mi ló ní kí n gé, ǹ bá ti yọ ọ̀bẹ.

Mo jókòó. Òwúrọ̀ rọrùn díẹ̀. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Àwọn ẹran òkú pé jọ, wọ́n ń wò mí, etu kan ní, “Kò ní lè ṣe é,” ọ̀yà kan sì ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ìjàlọ tò wá, wọ́n gba orí ọwọ́ mi kọjá sí àyà, wọ́n gba àyà kọjá sí etí, wọ́n sì ń bù mí jẹ bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo fẹ́ fò sókè. Mo fẹ́ kígbe. Ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ ni pé mo fi ojú inú rí Àwẹ̀ró nínú ilẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, erùpẹ̀ wà lórí ojú náà, kò sì lè ṣẹ́ ẹ. Mo sunkún láìmira. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìṣù ilẹ̀ kan wà lórí itan mi, ó tóbi tó igbá ìmumi, òwú funfun sì dì mọ́ ọn yíká.

Ìyá Olú ní n kò gbọdọ̀ sáré, n kò sì gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀. Ẹ wo ìyà! Èmi tí mo ń fi eré ṣe ìrìn, mo wá ń gbẹ́sẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì nígbà tí àwọn ẹran òkú yí mi ká, òórùn ìṣù ilẹ̀ náà ti dé imú wọn. Wọ́n ń sún mọ́ mi, wọ́n ń tì mí, ìbọn kò sì wúlò. Àgbọ̀nrín mi bọ́ síwájú, ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, fún mi ní ìwọ̀n èékánná kan.” Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ti ìyá mi ni mo gbé dání. Ṣùgbọ́n mo wo itan rẹ̀, mo mọ ọwọ́ tó ṣe é. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọta méjèèjì lára rẹ̀, mo bu ìwọ̀n èékánná kan nínú ìṣù náà, mo fi lé ojú ọgbẹ́. Mo ní, “Má bínú sí mi.” Ó ṣẹ́ orúnkún, ó dùbúlẹ̀, ó sì pa ojú rẹ̀ dé. Òwú funfun bò ó díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àwọn yòókù rí i. Wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n lọ ń dùbúlẹ̀ tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òwú lè kàn wọ́n. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ agbálẹ̀, mo ní mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fún Ìyá Olú, Ìyá sì ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, òwú ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo bá ìyá mi láàyè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, “Ṣé o jókòó?” Mo ní, “Mo jókòó, ìyá mi.” Mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ òkété fún un. Ó wò mí títí, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ta ni ìbá tún ya ọ̀gán sí méjì nítorí òkété kan nílùú yìí? Mo tẹ́ ìṣù ilẹ̀ náà sínú yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀gán, àwọn ikán tó kù jáde wá gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri lé e. Mo jókòó tì í. Ní àràárọ̀ ni a ń gbé Àwẹ̀ró jáde wá sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti ìyá mi jókòó pọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi, n kò gbọ́ ọ̀kan rí nínú wọn.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Àjàgbé, ilẹ̀ ti là.” Mo wò, olú kan ṣoṣo ló yọ, ó funfun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí fìlà rẹ̀. Ayọ̀ pa mí bí ọtí. Ìyàwó mi ti gbé omi kaná. Mo na ọwọ́ láti já a, ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú, agbára tó fi mú un kò jọ ti aláìsàn. “Fi í sílẹ̀. Ọ̀kan ni. Bí o bá já a, ta ni yóò bí ìyókù? Jẹ́ kó gbó, kó gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ sílẹ̀.” Mo ní, “Ìyá mi, láti ọdún mẹ́ta ni ẹ ti ń retí rẹ̀.” Ó ní, “Mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ó tó.” Ọjọ́ tí fìlà olú náà wó sílẹ̀ ni Àwẹ̀ró lọ. Ìdí ọ̀gán yìí la sin ín sí, níbi tí ilẹ̀ ti wú tí mo ní kí ẹ má jókòó lé yẹn.

Odidi ọdún kan ni n kò fi lè sùn dáadáa. Mò ń bi ara mi pé, ṣé ilẹ̀ gbà á, àbí ó ṣì la ojú síbẹ̀? Mo jókòó, ọkàn mi ń rìn. Nígbà tí òjò kejì rọ̀, mo jí, mo rí i pé olú ti yọ yí orí ibojì rẹ̀ ká, ó funfun lọ bẹẹrẹ láti ìgbèrí dé ibi ẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ilẹ̀ ti gba ìyá mi.

Òjò kẹta ló rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àdéhùn mi ti pé. Ìbọn mi rèé, mo ti nù ún. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi láti ìdájí, odò Arọ̀ ń pè mí, ẹ má dá mi dúró. Ẹ̀yin obìnrin, ó yá, ẹ já olú yín, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ yọ ní ìgbèrí rẹ̀ yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ti Àwẹ̀ró ni. Ọdẹ́rìndé, ìwọ ńkọ́? O ò tíì rí òkété yẹn gbàgbé, mo rí i lójú rẹ. Fi ọkọ́ yẹn sílẹ̀, wá jókòó síbi tí mo dìde yìí. Má jókòó jìnnà bẹ́ẹ̀ yẹn. Sún mọ́ ọn díẹ̀, ìyá mi fẹ́ràn ẹni tó bá jókòó tì í.